Kí Ìyáàlù Lè Sọ̀rọ̀ Láti Ẹnu Kan

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi pé sípíkà mi ń jẹ ọ̀rọ̀. Ọjọ́ Àìkú ni, ní yàrá mi ní Ṣómólú. Wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, èmi sì tan ohùn onílù kan tí mo fi fóònù gbà sílẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Mushin. Ìyáàlù nìkan ni, kò sí orin, kò sí máíkì. Onílù náà ò jìnnà sí mi ju mítà 2 lọ, ó ń ki bàbá ọmọ. Wọ́n gbọ́ ọ díẹ̀, wọ́n dáwọ́ ẹ̀gúsí dúró.

"Kí ni onílù yìí ń sọ ná?"

"Ó ń ki Ìjẹ̀ṣà ni, Bíìgì Mọ́mì. Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná."

"Èmi ò gbọ́ bẹ́ẹ̀ o. Ìlù ni mò ń gbọ́, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀."

Wọ́n dìde láti lọ da èèpo ẹ̀gúsí nù. Bí wọ́n ṣe nàró tán báyìí, wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ó ti ń sọ ọ́." Nígbà tí wọ́n padà wá jókòó, ọ̀rọ̀ tún pòórá. Mo ní kí wọ́n dákun, kí wọ́n tún dìde lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n wò mí bí ẹni tí nǹkan ń ṣe, àmọ́ wọ́n dìde. Bákan náà ló rí.

Mi ò lè gbàgbé ọ̀rọ̀ yẹn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kan sípíkà náà, oṣù mẹ́ta ni mo sì fi ṣe é. Wúfà ínǹṣì 6.5, èyí tó ń gbé ohùn ńlá, ló wà nísàlẹ̀, tuwítà, èyí tó ń gbé ohùn kékeré, wà lókè rẹ̀, láti àárín ọ̀kan dé àárín èkejì sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 18. Orí pẹpẹ tó ga tó mítà 1.4 ni mo gbé e sí. Orí àga mi tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ni mo ti máa ń gbọ́ ọ, etí mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba níbẹ̀. Mi ò tíì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbọ́ ọ rí, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni gbogbo ẹni tó bá wá kí mi máa ń fẹ́ jókòó sí nítorí ooru.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo mú tépù àti ìwé. Ní nǹkan bí 2500 Hz, ìyẹn ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 2500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ni wúfà ti ń gbé iṣẹ́ lé tuwítà lọ́wọ́, ìyẹn ni pé ní àgbègbè yẹn, àwọn méjèèjì jọ ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà ni. Nínú ooru Èkó, bí afẹ́fẹ́ bá tó dígírì 30, ohùn máa ń rin nǹkan bíi mítà 349 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Pín in pẹ̀lú 2500, wàá rí i pé ìgbì kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 14. Wàyí o, Bíìgì Mọ́mì jókòó ní mítà kan àbọ̀ sí sípíkà, etí wọn sì fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 70 relẹ̀ sí i. Láti ibẹ̀, tuwítà fi bíi sẹ̀ǹtímítà 7 àbọ̀ jìnnà sí wọn ju wúfà lọ. Ìdajì ìgbì nìyẹn. Nígbà tí wúfà bá ń ti afẹ́fẹ́ sí etí wọn, tuwítà ń fà á padà. Àwọn méjèèjì pa ara wọn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni irú ohun tó sọnù. Ohùn ìyáàlù gan-an, èyí tó ń lọ sókè sódò bí onílù ṣe ń fún ọṣán, ó wà níbẹ̀ digbí, wúfà ló ń gbé e. Ìró kọ̀ǹgọ́ lójú awọ ló lọ, ìyẹn "tá" kékeré tó ń la ọ̀rọ̀ kan kúrò lára èkejì. Bí ìyẹn bá ti lọ, ohùn á wà, àmọ́ ojú ọ̀rọ̀ á pa pọ̀. Èmi gbọ́ oríkì náà nítorí pé mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Wọn ò mọ ohun tí onílù fẹ́ sọ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé etí tiwọn ló sọ òótọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá sípíkà coaxial: èyí tí wọ́n fi tuwítà sí àárín gbùngbùn wúfà, tí ohùn kékeré àti ohùn ńlá fi ń ti ojú kan jáde. O lè dìde, o lè jókòó, o lè fẹ̀yìn lélẹ̀, bí ọ̀kan ṣe jìnnà sí etí rẹ ni èkejì ṣe jìnnà.

Èrò náà ti pẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ Altec Lansing ti ń ṣe sípíkà coaxial wọn tó ń jẹ́ 604 láti àwọn ọdún 1940, àwọn tó ń gba orin sílẹ̀ sì lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 1947, àwọn Tannoy nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé Dual Concentric tiwọn jáde. Ẹ̀yìn òòfà ni wọ́n fi tuwítà sí, ohùn rẹ̀ á gba ihò inú irin àárín kọjá, páálí wúfà, ìyẹn ojú rẹ̀ tó ń mì, á wá di fèrè tó ń tú u jáde. Ohun tó ń dí àwọn èèyàn lọ́wọ́ láti fi tuwítà sí ìdí páálí gan-an ni òòfà: òòfà àtijọ́ tóbi, kò lè wọ inú kọ́ìlì wúfà, ìyẹn wáyà tí wọ́n wé, tó ń ti páálí. Ìgbà tí òòfà neodymium dé, tí kékeré rẹ̀ lágbára bí ńlá ti tẹ́lẹ̀, ni ilé iṣẹ́ KEF ṣe sípíkà Uni-Q ní 1988, tí wọ́n fi tuwítà kóńkó sí ìdí páálí, níbi tí ohùn wúfà fúnra rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Lónìí, B&C ní Ítálì, BMS ní Jámánì, SEAS ní Norway àti Celestion nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo wọn ló ní coaxial tí èèyàn lè rà láìsí àpótí, kó sì kan àpótí tirẹ̀ fún un.

Èmi ò mọ gbogbo ìyẹn nígbà tí mo kọ́kọ́ gba ọjà Ládípọ̀ lọ. Mo rí i tí wọ́n kọ "coaxial" sára kátọ́ọ̀nù sípíkà mọ́tò, wọ́n kọ 1000W sí i gàdàgbà, mo sì san owó. Nígbà tí mo fi í sínú àpótí, ohùn obìnrin ń gún mi létí bí abẹ́rẹ́, ìlù sì dà bí ẹni pé wọ́n ń lù ú nínú agolo. Mo tú u. Tuwítà náà wà lórí ọ̀pá kékeré kan, ó yọrí síwájú ju ìdí páálí lọ ní sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ohun tó ń pín ohùn kò ju kapásítọ̀ kan lọ, 4.7 µF, ohun kékeré tí kì í jẹ́ kí ohùn ńlá dé ọ̀dọ̀ tuwítà. Bí tuwítà bá jẹ́ óòmù 4, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe ń dènà iná, kapásítọ̀ yẹn ò ní jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dáadáa títí di nǹkan bí 8500 Hz. Wúfà ní tirẹ̀, ẹnikẹ́ni ò dá a dúró, ó ń pariwo lọ sókè títí agbára rẹ̀ fi pin. Ní 8500 Hz, ìgbì kan ò ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Sẹ̀ǹtímítà 2 tí tuwítà fi yọrí síwájú yẹn ti tó ìdajì rẹ̀. Wọ́n jọ kọjú síbì kan náà lóòótọ́, àmọ́ wọn ò jọ sọ̀rọ̀ láti ẹnu kan.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má ra irú rẹ̀ sí ọkọ̀ o. Inú ọkọ̀ ni wọ́n ṣe é fún, níbi tí ẹsẹ̀ ń bá sípíkà dọ́gba tí etí sì wà lókè. Ohun tí mò ń sọ ni pé orúkọ tí wọ́n kọ sára kátọ́ọ̀nù ò tó. Wo ibi tí tuwítà wà. Bó bá wà lórí ọ̀pá, ọ̀nà rẹ̀ àti ti ohun tí à ń wá yìí kò pàdé.

Ti 1000W yẹn ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ níbi tó wà. Nọ́ńbà tí mo máa ń wò ni ariwo tí sípíkà ń mú wá ní mítà kan, àti fóltì tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń fi fóltì 2.83 wọ̀n. Fún sípíkà óòmù 8, wáàtì 1 nìyẹn. Fún óòmù 4, wáàtì 2 ni. Nítorí náà, bí sípíkà méjì bá jọ kọ 90 dB, ìyẹn ìwọ̀n ariwo, sára ìwé wọn, tí ọ̀kan jẹ́ óòmù 4 tí èkejì jẹ́ óòmù 8, ti óòmù 4 ti jẹ ìlọ́po méjì iná kó tó pariwo dé ibẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ orin lórí ínfátà, tó ń ka wákàtí tí bátìrì kù, gbọ́dọ̀ mọ èyí kó tó sanwó.

Bàbá kan wà ní Mushin tó ń tún sípíkà ṣe, ó ń pààrọ̀ páálí, ó ń wé kọ́ìlì. Bàbá náà ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò lójú ọjà, kí iná tó débẹ̀ rárá. Mo gbé coaxial ínǹṣì 8 kan lọ bá a, tòkunbọ̀ ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ bá mi wo eléyìí."

"Gbé e wá." Ó gbé e lé orí itan rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ páálí, ọ̀tún àti òsì, ó tẹ̀ ẹ́ wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì gbé etí sún mọ́ ọn bí ìgbà tí ìyá ń gbọ́ èémí ọmọ tó ń sùn. "Wá gbọ́. Kí lo gbọ́?"

"Ó ń ṣe ṣà, ṣà, ṣà, Bàbá."

"Kọ́ìlì ló ń ha irin. Wọ́n ti já a lulẹ̀ níbì kan. Dá a padà fún wọn lónìí, má jẹ́ kó di ọ̀la."

Ó mú bátìrì 1.5 V láti inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó fi kan ẹnu rẹ̀ méjèèjì, páálí sì wọlé dípò kó jáde: ẹni tó tún un ṣe kẹ́yìn ti yí pọsitífù padà. Ó fi mítà wọn óòmù rẹ̀. Óòmù 8 tó dára sábà máa ń fi 5.5 sí 6.5 hàn lórí mítà, óòmù 4 máa ń fi 3.2 sí 3.6 hàn. Wúfà àti tuwítà ni kí o wọ̀n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí o sì fi ti sípíkà kan wé ti èkejì bó bá jẹ́ pé ìbejì lo fẹ́ rà. Lẹ́yìn náà ló fi èékánná kan etí páálí, ibi rírọ̀ tó yí i ká. Fóòmù ni. Ó rún sí i lọ́wọ́ bí ìyẹ̀fun.

Ọ̀rọ̀ fóòmù yìí dùn mí. Ọ̀rinrin ló ń pa á, Èkó sì nìyí, láàárín ọ̀sà àti òkun. Fóòmù tó lè lo ọdún púpọ̀ níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ ò ní pẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí. Bí mo bá ń rà, mo máa ń wá èyí tí etí rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, tàbí èyí tó jẹ́ aṣọ tí wọ́n fi nǹkan kùn, tó ń lọ sókè sódò bí páànù òrùlé, irú èyí tó wà lára sípíkà àwọn tó ń ṣe òde àríyá.

Bó bá yege lójú ọjà, ó ku ìwé rẹ̀. Neville Thiele, ará Ọsirélíà, ló tẹ ìwé jáde ní 1961 nípa bí a ṣe lè fi nọ́ńbà mọ àpótí tó bá sípíkà mu, Richard Small sì tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Orúkọ wọn ni wọ́n fi ń pe àwọn nọ́ńbà bíi Fs (ohùn tí páálí fúnra rẹ̀ máa ń fẹ́ gbọ̀n sí jù), Qts (bí páálí ṣe ń pẹ́ tó kó tó dẹ́kun gbígbọ̀n níbẹ̀) àti Vas (ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tó rọ̀ bí ìdè páálí ṣe rọ̀) títí dòní. Coaxial tí wọ́n ṣe fún òde àríyá sábà máa ń ní Fs tó ga, 60 Hz sí 80 Hz, àti Qts tó kéré. Àwọn tó ń ṣe ìṣirò á ní kí o lu ihò sí àpótí rẹ̀. Èmi máa ń dí i pa ni. Ìdí tí mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ rèé: páálí wúfà ni fèrè tuwítà. Bí páálí bá ń fò síwá sẹ́yìn nítorí ohùn ńlá, fèrè ló ń mì yẹn, ohùn kékeré tó ń gba ibẹ̀ kọjá á máa gbọ̀n bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Àpótí oníhò, bí ohùn bá ti relẹ̀ ju ibi tí ihò ń ṣiṣẹ́ dé, kì í di páálí mú mọ́. Mo dí àpótí pa, mo gé ohùn tó bá relẹ̀ ju nǹkan bí 100 Hz lọ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gbé ìyẹn fún súbùwúfà, sípíkà tó wà fún ohùn tó relẹ̀ jù. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kó gbé ohùn 50 Hz àti 3000 Hz sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Bí 3000 Hz bá dúró gbọn-in, sípíkà náà dára. Bó bá ń gbọ̀n, ìwọ náà á gbọ́ ọ.

Èyí tí mo padà rà tuntun jẹ́ ínǹṣì 8, tuwítà rẹ̀ wà lẹ́yìn òòfà. Ní nǹkan bí aago 4 ìdájí, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ gbogbo àdúgbò bá ti dákẹ́, mo gbé e lọ sí àárín ọgbà. Mo gbé àpótí lé orí àga tó ń yí, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa dígírì sára kátọ́ọ̀nù lábẹ́ rẹ̀: 0, 15, 30, 45, 60. Mo gbé máíkì sí mítà 1, àwọn méjèèjì ga tó mítà 1.2 sílẹ̀. Ohùn tó kọ́kọ́ lọ fi ara gbá ilẹ̀ kó tó padà wá sí máíkì ní láti rin mítà 1.6 ju èyí tó lọ tààrà lọ. Ó túmọ̀ sí pé mo ní nǹkan bíi ìdá 4.6 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kí ilẹ̀ tó dá sí ọ̀rọ̀. Áàpù REW, tí èèyàn lè gbà láìsan kọ́bọ̀, ń jẹ́ kí n gé ohun gbogbo tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn dànù. Ohun tí mo bá rí ní ìsàlẹ̀ 220 Hz, mi ò gbà á gbọ́.

Ìlà márùn-ún tí áàpù náà yà, ọ̀kan fún dígírì kọ̀ọ̀kan, ló sọ fún mi pé owó mi ò ṣòfò. Láti 500 Hz dé bíi 5000 Hz, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ọ̀kan ń fi díẹ̀díẹ̀ relẹ̀ sí èkejì, kò sí èyí tó já sínú kòtò lójijì. Ìyẹn ni mo máa ń wá jù. Sípíkà tí ìlà rẹ̀ ní iwájú tẹ́jú bí tábìlì, tí ti ẹ̀gbẹ́ sì dà bí òkè Olúmọ, mi ò fẹ́ ẹ, torí pé ohùn ẹ̀gbẹ́ ló ń gbá ògiri yàrá mi kó tó wá bá mi.

Níwájú gan-an, ní dígírì 0, kòtò kékeré kan wà ní nǹkan bí 7500 Hz. Ní dígírì 15 ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. Ó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí, kí n tó ro ó dé ìdí: àárín ìyíká ni tuwítà wà, gbogbo etí ìyíká náà jìnnà sí i bákan náà, ohun tí etí wọ̀nyẹn bá dá padà á jọ dé lẹ́ẹ̀kan náà sí ẹni tó wà níwájú gbọnrangandan. Sún díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n á tú ká. Nítorí náà, mi ò kì í jẹ́ kí coaxial kọjú sí mi tààrà. Mo máa ń yí méjèèjì títí ojú wọn á fi pàdé níwájú mi díẹ̀. Mi ò sì kì í gbé e sí àárín pátákó onígun mẹ́rin ọgbọọgba. Mo máa ń sún un sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ohun kan ṣì wà tó yẹ kí n sọ, torí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tàn mí jẹ. Tuwítà tó wà lẹ́yìn òòfà fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 wà lẹ́yìn wúfà. Ohùn rẹ̀ ń pẹ́ dé ní ìdá 0.14 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Etí ò lè ka iye yẹn, àmọ́ níbi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé, ó tó láti gbẹ́ kòtò mìíràn. Mo fi DSP, ẹ̀rọ tó ń fi ìṣirò tún ohùn ṣe kó tó dé sípíkà, dá wúfà dúró fún iye àkókò yẹn gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ lo crossover oníwáyà lásán, ohun tó ń pín ohùn láàárín wúfà àti tuwítà, lè ṣe é, àmọ́ iṣẹ́ ló máa gbà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ti dígírì 60 nígbà tí ládàánì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun, mo sì ká wáyà mi.

Lẹ́yìn máíkì, etí. Mo máa ń tan ariwo tó dà bí òjò lórí páànù, èyí tí àwọn elẹ́rọ ń pè ní pink noise, mo sì ń rìn káàkiri. Mo jókòó, mo dìde, mo dùbúlẹ̀. Bí òjò náà bá yí àwọ̀ padà lójijì níbì kan, níbẹ̀ ni iṣẹ́ kù sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tan onílù Mushin. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri, níbi tí Bíìgì Mọ́mì tẹ́ ẹní sí. "Tá" kọ̀ǹgọ́ wà níbẹ̀, ṣaworo etí ìlù wà níbẹ̀, wọ́n sì wà lára ìlù náà, wọn ò fò lókè orí rẹ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo dìde, mo tún jókòó, bí ẹni tó ń kírun. Onílù ò kúrò níbi tó dúró sí.

Nígbà tí Bíìgì Mọ́mì tún wá, mi ò sọ nǹkan kan. Ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà lọ́jọ́ náà. Ìlù dún, wọ́n sì dá a lóhùn láìgbójú sókè: "ilé lọmọ Ọwá ti í múná roko." Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó ti ní kí n ṣe méjì fún òun báyìí. Ṣọ́ọ̀bù tóóró ni. Àwọn mẹ́rin ń jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹni tó ń gé aṣọ máa ń dúró ni, oníbàárà sì ń wọlé ń jáde, kò sí ẹni tí etí rẹ̀ bá ti ẹnìkejì dọ́gba. Ínǹṣì 6.5 ni mo fẹ́ lò fún un, olétí aṣọ, nítorí atẹ́gùn ọ̀sà. Káfíńtà ní àpótí á dé ní Ọjọ́bọ̀. Mo ti sọ fún un pé kó má fi ihò sípíkà sí àárín pátákó.